Ọ̀pá ìrìn ọ̀kírìkà tí mo rà l'Òkè-Àjẹ́: ẹni tí òòyì ibi gíga ń kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n fún mi lówó: ọ̀kírìkà ni ọ̀pá yìí, méjì tí wọ́n fi rọ́bà so pọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́ lára ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ọjà Òkè-Àjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta báàgì tòkunbọ̀, òun fúnra ẹ̀ ò mọ nǹkan tó ń tà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá táwọn òyìnbó fi ń yọ̀ lórí yìnyín ni," náírà 12,000 ló pè é, mo ní kó rántí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń bá sọ̀rọ̀, òun náà ní ṣé ọmọ ibòmíì lòun ni, a fà á títí, 7,500 la parí ẹ̀ sí. Màmá aláta tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní "Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?" Mo ní ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan mà, ibi gíga ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ní "Ọ̀pá ló máa wá gbà ẹ́ lọ́wọ́ ibi gíga?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe máa ń ṣe mí rèé: tí mo bá ti dúró síbi tí mo ti lè rí ìsàlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa yún mi, orúnkún á di omi, òòyì á wá kọ́ mi, á sì dà bíi pé ẹnì kan ń fa ṣòkòtò mi láti ìsàlẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí àjà kẹta, mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi dá mi padà sílẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Dókítà kan ló wá là á yé mi pé ojú wà lára ohun tí ara fi ń mọ̀ pé òun dúró ṣánṣán, tó o bá wà nílẹ̀, ògiri, igi, gbogbo nǹkan tó sún mọ́ ẹ ni ojú ń dì mú, tó o bá wá gòkè, gbogbo wọn ti jìnnà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ mọ̀, ẹ̀rù á gbà á níbẹ̀. Ó ní tọ́wọ́ bá ti kan nǹkan tí kò mì, kódà kó jẹ́ ìka kan péré, mìmì yẹn á dínkù. Ìdí tí mo fi wá ọ̀pá kiri nìyẹn o, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló kó mi sí i. Ó ní ká jọ rin ọ̀nà Santiago táwọn Kátólíìkì ti ń fẹsẹ̀ rìn látayébáyé, ọ̀nà ti etí òkun, láti Porto ní Pọ́túgà wọ Sípéènì títí dé Santiago de Compostela, níbi táwọn Kátólíìkì gbà pé wọ́n sin Jákọ́bù ọmọ Sébédè sí. Bíi kìlómítà 280 ni. Bó ṣe sọ pé etí òkun ni ọkàn mi lọ sí Ìjẹ̀bú Wọ́tásáìdì, iyanrìn pẹrẹsẹ, àgbọn, atẹ́gùn, mo ní kò burú. Ìgbà tí mo ti sanwó ọkọ̀ òfúrufú tán ló tó fi fọ́tò àwọn bíríìjì ránṣẹ́ sí mi. Mo ní "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí ni?" Ó ní "Bọ̀dá mi, ẹ má wo ìsàlẹ̀."

Òkè-Ẹ̀rí ni mo ti kọ́kọ́ dán ọ̀pá náà wò, lẹ́bàá Erédò Sùngbọ́. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀, yàrà ńlá ni wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká látayébáyé, gígùn ẹ̀ tó kìlómítà 160, àwọn ibì kan wà tí ìsàlẹ̀ yàrà sí orí òkè ebè rẹ̀ tó mítà 20, igbó sì ti bò ó. Àwọn tó ń lọ síbi ibojì Bìlíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe yàrà náà, lọ́dọọdún, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ń kọjá ládùúgbò ibẹ̀ láì ronú kan ibi gíga, èmi ni mo dúró létí yàrà tí mò ń làágùn. Mo ti ọ̀pá méjèèjì mọ́lẹ̀, mo gbé ara lé e, ni ọ̀kan bá wọlé sínú ara ẹ̀ fìrìì bí ìgbín tó rí iyọ̀! Orí ló kó mi yọ, ẹ̀yìn ni mo ṣubú sí.

Àléébù àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀pá yìí, irin mẹ́ta tó ń wọnú ara wọn ni, èèyàn á fà á gùn, á wá yí i kó le. Mo tú u nílé, mo rí i pé ẹni tó ń tà á ti fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa inú ẹ̀ kó lè máa dán, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ni ọ̀tá ẹ̀, ike kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń gbòòrò tí wọ́n bá yí i, òun ló ń di irin mú, tí ọ́ìlì bá kàn án, ó parí. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, kò yọ̀ mọ́ àfi ẹ̀ẹ̀kan tójò pa wá ní Vigo. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní ìdè tí wọ́n ń tẹ̀ pa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi oníyíyí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò sí rọ́bà nídìí ọ̀kan, irin ṣóńṣó lásán ni. Mo gbé e lọ bá ṣúmékà kan lẹ́bàá gáréèjì, ó gé táyà ọ̀kadà tó ti jẹ tán, ó gbẹ́ ihò sí i, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fún òun ní 500. Ẹ fi ọkàn sí táyà yẹn.

Ó yá, Porto. Bíríìjì Dom Luís I, 1886 ni wọ́n ṣí i, alájà méjì ni: tìréènì ìgboro àtàwọn ẹlẹ́sẹ̀ lókè, mọ́tò àtàwọn ẹlẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀. Ti òkè yẹn ga tó bíi mítà 45 sórí odò Douro. Ká sòótọ́, kò pọn dandan kéèyàn gùn ún rárá, iwájú kàtídírà Porto lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn, àmọ́ òdìkejì odò ni àbúrò mi lọ gba yàrá sí. Mo rìn dé bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀, tìréènì bá ń bọ̀, gbogbo irin abẹ́ ẹsẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pá sì ń gbé gbígbọ̀n yẹn wá sí mi lọ́wọ́ tààrà, títí dé eyín. Níbi tílẹ̀ gan-an bá ti ń mì, ọ̀pá ò wúlò, ńṣe ló ń ròyìn fún ẹ. Mo padà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo padà, mo sọ̀ kalẹ̀ gba ti ìsàlẹ̀, àbúrò mi dúró dè mí lódìkejì tòun ti ẹ̀rín.

Láti Matosinhos lọ sókè, pátákó ni wọ́n tẹ́ sórí iyanrìn létí òkun, kìlómítà lórí kìlómítà, kò ga ju orúnkún lọ níbi tó pọ̀ jù, ara mi balẹ̀, àṣé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àlàfo wà láàárín pátákó. Rọ́bà tó bá ọ̀pá kejì wá láti ilé iṣẹ́ ti jẹ tán ká tó dé Vila do Conde, irin ṣóńṣó bá wọnú àlàfo, ó há, ẹsẹ̀ mi ń lọ síwájú, okùn tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi fà mí padà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni ń kí Awùjalẹ̀. Kẹ́ ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú okùn tẹ́ ẹ bá ti gorí pátákó o. Táyà ọ̀kadà ṣúmékà wa ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ digbí, ó sì tóbi ju àlàfo lọ, kò há lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà tuntun tí mo rà lọ́nà fún ọ̀pá kejì jẹ tán kó tó di Redondela, táyà 500 náírà dé Santiago.

Viana do Castelo ni mo ti mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò. Ilé iṣẹ́ Eiffel, àwọn tó padà kọ́ ilé ìṣọ́ Paris, ló ṣe bíríìjì ibẹ̀ lọ́dún 1878, tìréènì ń gba abẹ́, mọ́tò ń gba òkè, ẹlẹ́sẹ̀ sì ní ọ̀nà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ju mítà 500 lọ, kò sí bíríìjì ìsàlẹ̀ tí mo lè sá lọ. Ọ̀nà yẹn ò gba ọ̀pá méjì. Mo ká ọ̀kan, mo fi há báàgì, mo fi ọwọ́ kan di irin ẹ̀gbẹ́ mú, mo fi ìkejì ti ọ̀pá tó ní táyà mọ́lẹ̀, mo gbé ojú lé fìlà pupa tí àbúrò mi so mọ́ ẹ̀yìn báàgì ẹ̀. Táyà náà ń dún tọ́, tọ́, tọ́. Mo ń kà á. Mo kà á dé 340, mọ́tò ńlá kan kọjá, mo gbàgbé iye tó kù, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Òòyì ò kọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí o, èmi ò ní parọ́, ẹ̀wù mi tutù bí ẹni bọ́ sódò, ṣùgbọ́n òòyì ò kọ́ mi, orúnkún ò sì domi, ohun tí mi ò rí rí láyé mi nìyẹn. Nígbà tá a dé òdìkejì, àbúrò mi ní "Bọ̀dá, ẹ ti lè fi irin náà sílẹ̀ báyìí," mi ò mọ̀ pé mo ṣì dì í mú.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré la wọ̀ kọjá odò Minho láti Caminha, odò yẹn ni ààlà, tí aago mẹ́sàn-án bá lù ní Pọ́túgà, mẹ́wàá ti lù ní Sípéènì, ọ̀pá tó ń ká wúlò níbẹ̀ torí kò gba àyè. Láti A Guarda lọ sí Oia, òkúta ni, òkun ń ru lápá òsì, atẹ́gùn ń ti èèyàn, ibẹ̀ ni ọ̀pá méjèèjì ti dára jù. Mo jókòó nítòsí ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ tó wà ní Oia, létí omi gan-an, mo da gààrí Ìjẹ̀bú mi sínú ife, omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà, òyìnbó obìnrin kan ń wò mí, ó bi mí bóyá oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni, mo bù fún un, ẹnu ẹ̀ kan, ó pọ́n ọn lá bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ. Pontevedra, Padrón, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀, ilẹ̀ lásán ni.

Ní Santiago, wọ́n máa ń mú èèyàn gun òrùlé kàtídírà tó bá sanwó. Àbúrò mi lọ. Mo dúró tì báàgì àti ọ̀pá nínú gbàgede, mo bá wọn jókòó sílẹ̀, mi ò tijú.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mo fi yọ ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o sínú báàgì ńlá tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n lè gba onírin ṣóńṣó lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi ti gba ọ̀kan nínú ẹ̀, ó fi ń lé ewúrẹ́. Mo padà lọ sí Òkè-Àjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ wá ìkejì ẹ̀, mo sọ fún màmá aláta pé ọ̀pá gbà mí díẹ̀, ó ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ní òmíì lóòótọ́, àmọ́ ó ti wò ó lórí Google, 25,000 ló ń pè é báyìí, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú lẹ́nu mi mọ́.