Káàdì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dún bákan náà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó

Káàdì olójú méjì tí wọ́n ń tà fún ọmọ ilé ìwé ní Dùgbẹ̀ yìí wúlò gan-an, pàápàá fún ẹni tó ń múra WAEC. Ojú kan gbé "hear" àti "here", òdìkejì gbé gbólóhùn tó ní àlàfo. Gbólóhùn yẹn ni iṣẹ́ wà: bí a bá pe "right" lásán, ọmọ ò lè mọ̀ bóyá "write" ni. Ẹ ka gbólóhùn náà tán, kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ àlàfo náà, kí ẹ tó yí káàdì.

Àṣìṣe ńlá rẹ̀ ni pé ó kó "ship" àti "sheep", "cut" àti "court" mọ́ wọn. Àwa Yorùbá la máa ń pè wọ́n bákan náà, torí fáwẹ́lì àìránmúpè wa (tí a kì í fi imú pè) jẹ́ 7, nígbà tí fáwẹ́lì geere (tí ìró rẹ̀ kì í yí padà) nínú Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò jẹ́ 12. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò. Máàkì Oral English ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Fún "it's", ẹ fi "it is" tàbí "it has" rọ́pò rẹ̀. Bí gbólóhùn bá dàrú pẹ̀lú méjèèjì, "its" ló yẹ. "Stationery" tó jẹ́ ohun ìkọ̀wé ní "e" bíi "envelope", kì í ṣe "a" bíi ti "stationary".

Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́: ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kó tó fàya.