Dókítà Ìbarà tó ní ká pín iṣẹ́ abẹ mi sí mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanra gan-an rí tẹ́ ẹ ti wá jò wálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí. Kílò 134 ni mo wà tẹ́lẹ̀, mo ti wà ní 79 báyìí, àmọ́ awọ ò bá ọ̀rá lọ. Ti ikùn so rọ̀ bí épírọ́ọ̀nù, tóòrùn bá mú, kí n tó rìn láti Ìtòkú dé Sàpọ́n abẹ́ ẹ̀ á ti bó, á máa ta mí.

Ilé ìwòsàn kan tí mo kọ́kọ́ lọ l'Ékòó ní àwọn á gé awọ tó so rọ̀ ní ikùn, ọyàn, apá àti itan pa pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọn ò gbé mi sórí ìwọ̀n, wọn ò bi mí ní PCV (àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ara tó), owó ni wọ́n ń bèèrè. Àyà mi já, mo bá wá sílé.

Èyí tí mo wá rí n'Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta níbí, dókítà yẹn jókòó tì mí fún wákàtí kan gbáko. Ó ní kí n dìde, ó fọwọ́ kó awọ náà jọ, ó fi bírò fa ìlà síbi tí ọ̀bẹ máa gbà, ó wá gbé dígí fún mi kí n fojú ara mi rí bí àpá náà ṣe máa yí ìbàdí mi ká. Ó ní kò ní pa rẹ́ o, ó tún yẹ etí mi wò bóyá ibi tí wọ́n lu wú, torí àpá àwa aláwọ̀ dúdú máa ń wú nígbà míì.

"Mà, ẹ má jẹ́ ká kánjú." Ó ní téèyàn bá pẹ́ jù ní tíátà ẹ̀jẹ̀ tó máa dànù á pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì lẹ́sẹ̀ kó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì ń pààyàn. Ikùn àti ìbàdí ló máa ṣáájú, lẹ́yìn náà apá àti ọyàn, itan ló kẹ́yìn, oṣù mẹ́ta ó kéré tán láàárín wọn. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ, torí oyún á tún fa ikùn náà. Kílò mi gbọ́dọ̀ dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà, tèmi ṣì jẹ́ mẹ́ta, PCV mi sì jẹ́ 29, kò tó, ló bá dá mi padà sílé láì gba kọ́bọ̀ iṣẹ́ abẹ, ó ní kí n lọ máa jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà kí n tó bu láfún, kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé owó ti àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dá èsúsú tí ò bá mọ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wọn tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa padà lọ yẹ PCV wò.