Èwo Ni Kí A Rà fún Àpá Irorẹ́? Ìfiwéra Àwọn Èròjà Inú Ìpara Ojú

Ẹni tó bá wọ ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó, tàbí ọjà Tejúoṣó ní Yábàá, láti wá ohun tí yóò pa àpá dúdú irorẹ́ rẹ́ yóò bá ìgò kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀ tí gbogbo wọn ń ṣèlérí ojú dídán. Ohun tó yẹ kí ó kà kí ó tó sanwó ni orúkọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò náà àti ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra gidigidi.

Nígbà tí irorẹ́ bá wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń fún awọ ní àwọ̀ máa ń pèsè melanin, èròjà tí ń mú awọ dúdú, ju bó ti yẹ lọ, wọn a sì tì í sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè wọn. Èyí máa ń hàn gan-an lára àwa tí awọ wa dúdú, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó ṣá. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìrọ̀rùn ṣe òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ níhìn-ín: èròjà tó bá ń ta ojú lè dá àpá tuntun sílẹ̀ níbi tí a ti ń wá bí ti àtijọ́ yóò ṣe lọ.

Niacinamide, tí í ṣe oríṣi fítámì B3, ló rọ awọ lọ́rùn jù. Kì í dá pípèsè melanin dúró. Ńṣe ló ń dín bí melanin ṣe ń kọjá sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè kù. Ó tún ń ran awọ lọ́wọ́ láti pèsè ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omi ara tètè gbẹ, àǹfààní ńlá nígbà ọyẹ́. Ìdá 4 tàbí 5 nínú 100 ti tó. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi san owó lé e nítorí pé wọ́n kọ 20 sára ìgò.

Bí a bá wo iṣẹ́ nìkan, fítámì C jù ú lọ: ó ń dín agbára tyrosinase, tí ara fi ń ṣe melanin, kù, ó ń gba awọ lọ́wọ́ díẹ̀ nínú ìpalára oòrùn, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti pèsè collagen tí ń mú awọ le. Ṣùgbọ́n oríṣi rẹ̀ tó lágbára jù, L-ascorbic acid, nílò pH (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó ṣe kéré sí ló ń kan sí) tí kò tó 3.5 kí ó tó lè wọ awọ, nítorí náà ó máa ń ta ojú ẹlòmíràn. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sì ń bà á jẹ́. Ìgò tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí tábìlì ní Ìdúmọ̀tà kò yẹ ní rírà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Ẹ wá èyí tó wà nínú ìgò dúdú, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 20 nínú 100. Bí omi inú rẹ̀ bá ti dà bíi tíì, ó ti bàjẹ́.

Fún ẹni tí irorẹ́ rẹ̀ ṣì ń jáde, salicylic acid sàn ju glycolic acid lọ. Inú ọ̀rá ni ti àkọ́kọ́ ti ń yòrò, nítorí náà ó ń wọ inú ihò awọ tó dí, ìdá 0.5 sí 2 nínú 100 sì tó. Inú omi ni glycolic acid ti ń yòrò. Orí awọ ló ti ń tú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, ó sì ń mú kí oòrùn tètè pa ojú.

Retinol, tí í ṣe oríṣi fítámì A, máa ń di retinoic acid nínú awọ, ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tètè jáde, alẹ́ ni a sì ń lò ó. Ó lè mú ojú gbẹ kí ó sì bó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta kí èrè rẹ̀ tó hàn. Kí aláboyún má ṣe rà á. Azelaic acid, tí ń gbógun ti irorẹ́ àti àpá papọ̀, ni kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí owó kò bá ju ti ohun méjì lọ, niacinamide àti ìpara tí ń dènà oòrùn ni èmi yóò yàn, nítorí oòrùn Èkó lè dá àpá tó ti ń ṣá padà. Èyí tí SPF rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà agbára ìdènà oòrùn, jẹ́ 30 ń dènà nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán UVB, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ń jó awọ. Èyí tí wọ́n fi iron oxide pa láró tún dára jù fún awọ dúdú, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí náà ń mú àpá dúdú sí i.

Ti kírímù àpòpọ̀ tí wọ́n ń bù sínú ike tí kò ní orúkọ, mi ò fi í sínú ìfiwéra yìí rárá. Ó lè ní mẹ́kúrì tí ń ba kíndìnrín jẹ́, tàbí steroid tí ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí hydroquinone, oògùn tí ń bó awọ, tó kọjá ìdá 2 nínú 100 tí NAFDAC fàyè gbà, èyí tí lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè sọ ojú di dúdú bí aró. Ẹ béèrè èyí tí orúkọ èròjà, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Bí òǹtajà kò bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi hàn yín, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.