Kabiven Peripheral: oúnjẹ tí ń gba ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ikùn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọn kò lè gbé nǹkan kan mì, àpò oúnjẹ yìí ni dókítà fi gbé wọn ró. Yàrá mẹ́ta ni àpò náà ní: omi glucose (ìyẹn ṣúgà), amino acid tí ara fi ń tún ẹran ara ṣe, àti òróró sóyà tí ó funfun bíi wàrà. Nọ́ọ̀sì ká a láti òkè bí ẹni ká ẹní títí ìdè àárín rẹ̀ fi ṣí, tí gbogbo rẹ̀ sì pò pọ̀. Èyí wù mí, nítorí kò sí pípo omi lórí tábìlì níbi tí kòkòrò àìfojúrí ti lè wọ̀ ọ́.

Àpò mílílítà 1440 ń fún ara ní kálórì 1000, ṣùgbọ́n kò sí fítámì nínú rẹ̀; lọ́tọ̀ ni wọ́n ń fi ìyẹn kún un. Kò gbọdọ̀ wà níbi tí ó gbóná ju dígíríì 25 lọ, èyí tí ó gba ìṣọ́ra níbi tí iná kì í dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹyin tàbí sóyà gbọ́dọ̀ tètè sọ. Bí ìfun aláìsàn bá sì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gba oúnjẹ lẹ́nu tàbí nípasẹ̀ rọ́bà tí wọ́n ń gba imú kì bọ inú ikùn.