Wọ́n Gbé Kúlà Lé Dùùrù: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùdarí Orin Eré Ìtàgé ní Àbújá

Ì bá má jẹ́ ti kúlà tí mo bá lórí dùùrù lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá wa, n kì bá tí kọ ohunkóhun nípa ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Kúlà búlúù ńlá ni, yìnyín kún inú rẹ̀, omi ń kán láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sórí ibi tí a ti ń tẹ dùùrù. Wọ́n to kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí apá kejì. Ẹnì kan tó mọ nǹkan tọ́jú, kí Ọlọ́run bù kún un, ti kọ́kọ́ fi aṣọ tábìlì funfun bo gbogbo rẹ̀ kó tó gbẹ́rù lé e.

Dùùrù yìí kan náà ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ gbé ìgò omi sún mọ́. Olúkúlùkù wa ló san owó tí wọ́n pè ní owó ìtọ́jú dùùrù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀.

Iye owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìwọlé wà lórí ìwé ìpolówó wọn, ẹ kà á níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dìgírì ni, lọ́jọ́ Sátidé, fún ẹni tó fẹ́ máa darí orin nínú eré orí ìtàgé. Èmi ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kubwa, mo sì máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá pè mí. Ibi tí èèyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Bí o bá lọ kọ́ orin ní Nsukka tàbí Ifẹ̀, wọn á kọ́ ọ ní ìtàn orin àti bí a ṣe ń to ohùn mẹ́rin. Bí o bá gba ẹ̀ka eré ìtàgé lọ ní Ìbàdàn tàbí ABU ní Zaria, wọn á kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣeré. Ẹni tó wá jókòó láàárín àwọn méjèèjì ńkọ́, tó ń fọwọ́ kan lu dùùrù, tó ń fi èkejì pe akọrin wọlé, tí etí rẹ̀ sì wà lẹ́nu òṣèré? Òun ló máa ń kọ́ ara rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Academy of Music tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1822 ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí nípele dìgírì kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni Royal Conservatoire of Scotland ní Glasgow. Kí ẹni tó ní pọ́n-ùn lọ síbẹ̀. Náírà lèmi ní.

Ó dáa, ọjọ́ ìdánwò. Olúkúlùkù wa fẹ́ darí ìran kan nínú eré tuntun tí kíláàsì wa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pẹ̀lú òṣèré, akọrin-ègbè, ìlù, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti dùùrù, níwájú olùdánwò tó ti yunifásítì mìíràn wá. Aago mẹ́sàn-án la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti Kubwa jáde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, nítorí ẹni tó bá mọ sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní oríta Berger mọ ohun tí mo ń wí. Kánópì ni mo kọ́kọ́ rí nínú ọgbà. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn obìnrin nínú léèsì aláwọ̀ ọsàn. DJ ti ń dán ẹ̀rọ wò lórí ìtàgé tí a fẹ́ ṣeré. Ìgbéyàwó ni. Wọ́n ti gba owó gbọ̀ngàn wa lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Mo kọjá sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀, ọmọ Kàbbà ni, a máa ń kí ara wa dáadáa. Dòdò ló ń jẹ, nínú ike tí wọ́n tẹ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí lára.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Gbọ̀ngàn wa ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ti sanwó ni.”

“Àwa náà sanwó.”

“Ẹ sanwó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó tiyín ò ní déètì.”

Mo ní kó ṣàlàyé. Ó gbé ike náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù. Onínáwó sanwó ọjọ́ kan, àwa sanwó ọdún kan. Ẹni tó sanwó ọdún kan lè lo ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ìyàwó ò lè lọ sílé kó tún padà wá gbéyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀. Kí n má purọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi lórí mu. Ó ṣí ìwé ńlá kan hàn mí. Bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ onínáwó. Ìdánwò wa wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹnì kan sì ti fi rọ́bà pa á, kò kàn parẹ́ tán ni.

Mo pe alákòóso gbọ̀ngàn, kò gbé e. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí WhatsApp, ó kà á; àmì méjèèjì di búlúù níṣojú mi. Màlámù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní “Sai haƙuri,” ìyẹn ni pé kí n ní sùúrù, ó sì sún lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kí n lè jókòó. Nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló fún mi ní nǹkan kan. Igbákejì ọ̀gá àgbà ló kù tí a lè ké sí. A rí i. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, fìlà orí rẹ̀ àti ti ẹbí ọkọ ìyàwó, aṣọ kan náà ni. Ó gbọ́ wa tán, ó fi pákò ta eyín, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é,” ó sì padà sídìí àwo rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, inú tó ń bí mi kò kéré. Olùdánwò ti dé, ó dúró sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo aago.

Olùkọ́ wa àgbà ló dá a dúró. Tíṣà là ń pè é, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í pariwo. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àga oníke ló ní kí wọ́n yá òun lára tàwọn onínáwó, ó sì kó wa lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kíbọ́ọ̀dù kékeré kan wà, ṣùgbọ́n iná ò sí, DJ ló sì ni jẹnẹrétọ̀. Tíṣà yọ irin ìwọ̀n ohùn nínú àpò, ó gbá a mọ́ orúnkún, ó gbé e sétí, ó kọ “là” jáde. Ó wo ojú mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe tèmi.

Ìran tèmi wà lọ́jà. Obìnrin oníṣòwò kan ń rojọ́, orin sì ń lọ nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ọ̀pá orin (bar) mẹ́rin tí a máa ń yí po, yí po, ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní vamp, títí yóò fi sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, kí gbogbo wa tó bọ́ sínú orin. Lọ́jọ́ rere, dùùrù ló ń yí i. Lọ́jọ́ yìí, ohùn akọrin-ègbè àti kàlàǹgú ni. Onílù wa, ará Zaria ni, kò mọ ìwé orin kà, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí pé ó ti gbé Sábó ní Ìbàdàn rí. DJ wá pariwo kan láti inú gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ sì sọnù lẹ́nu òṣèré wa. Kò dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ara rẹ̀, ó ń bú DJ bí ẹni pé oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ni. Kò sí èyí nínú ìwé. Ọwọ́ mi ti gòkè láti pe orin. Mo wo onílù. Ẹnu obìnrin náà ló tẹjú mọ́, kò wo ọwọ́ mi rárá. Ó ń yí i po, ó rẹ ohùn ìlù sílẹ̀ nígbà tí obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì fún ọ̀já díẹ̀ nígbà tó gbóhùn sókè. Mo dá ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Nígbà tí obìnrin náà mí, èmi náà mí, ọ̀rọ̀ náà jáde, gbogbo wa bọ́ sínú orin lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn aláṣọ ọsàn tó ń kọjá lọ gbẹ́rù nínú ọkọ̀ dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ná owó fún onílù.

Ohun tí Tíṣà fi ọ̀pọ̀ Sátidé kọ́ wa nìyẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọwọ́ kalẹ̀ láìkọ́kọ́ mí pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ kọrin. Bí o bá gbàgbé, á ní, “Ìwọ ò tíì mí,” wàá sì tún un bẹ̀rẹ̀. Bí obìnrin kan ò bá lè dé òkè orin tó wà ní ipò ohùn tí à ń pè ní E♭ láìfún ọ̀fun rẹ̀ pa, ó ní ká gbé e sọ̀kalẹ̀ sí C lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ká sì tún ìwé ti ẹlòmíì kọ, nítorí ohun tó jẹ́ C lórí dùùrù, D ni onítrọ́ńpẹ́ẹ̀tì B♭ gbọ́dọ̀ rí lórí ìwé tiẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọyẹ́ ń já ohùn dùùrù wálẹ̀, nítorí pákó rẹ̀ ń gbẹ, àmọ́ ọyẹ́ kan náà ń fa awọ ìlù le, ohùn rẹ̀ á gòkè. Nítorí náà, ní oṣù December ní Àbújá, ìlù àti dùùrù tí wọ́n jọ rẹ́ ní oṣù October lè má rẹ́ mọ́. Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá ń rò pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiyín, Hubert Ogunde kọ eré olórin fún ìjọ kó tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, Dúró Ládípọ̀ náà sì gbé ìlù wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, àwọn àgbà ìjọ ò gbà, ó gbé e jáde.

Olùkọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ka ìlù sí etí onílù, ó mọṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́ dé. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Wàyí o, owó ìtọ́jú dùùrù. Lẹ́yìn ìgbéyàwó yẹn, ohùn méjì láàárín dùùrù kì í dìde mọ́ bí èèyàn bá tẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí igbákejì ọ̀gá àgbà, kó gba ọwọ́ alákòóso gbọ̀ngàn kọjá. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n so ẹ̀dà risíìtì mọ́ ọn. Mo so ó. Wọ́n ní risíìtì náà kò sọ pé owó dùùrù ni, “owó mìíràn” ló wà lórí rẹ̀. Ta ló kọ “owó mìíràn”? Àwọn ni. Lẹ́tà kejì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Obìnrin ọmọ Kàbbà yẹn kan náà ló sì gbé ìwé àbájáde wa tọ olùdánwò lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Utako lálẹ́ Sunday, kó lè buwọ́ lù ú kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, nítorí pé igbákejì ọ̀gá àgbà gbàgbé. Owó ara rẹ̀ ló fi wọ takisí. Ó pè mí láti ibẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yege o.” Mi ò mọ ibi tí màá fi èyí sí nínú ẹ̀sùn mi.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Àbúrò mi obìnrin tó ń lu dùùrù ní Lugbe ti gba fọ́ọ̀mù tọdún yìí, èmi ni mo sì san ìdajì owó rẹ̀.