Fíríjì inú áḿbúláǹsì tó gbàgbé ohun tó ṣe lóru

Dígírì 4 ló wà lójú fíríjì yìí nígbà tí a fẹ́ gba iṣẹ́ láàárọ̀. Kò sí iná pupa, kò pariwo. Tẹmómítà kékeré tó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, tí a fi sáàárín àwọn ìgò abẹ́rẹ́, ló tú àṣírí: inú rẹ̀ gbóná dé 14 lóru, ó sì lo wákàtí 5 lókè 8. Fíríjì ti kú lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ ṣíná ọkọ̀, ó jí, ó tutù padà, ó wá ń wò sùn-ùn bí ẹni tí kò sùn rárá.

Suxamethonium, abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan ara dẹ̀, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láàárín 2 sí 8 ló yẹ kó máa gbé. Ìgò rẹ̀ tí a ń fà lò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kò ju ọjọ́ 14 lọ níta, ìyẹn bí a bá kọ ọjọ́ tó jáde sí i lára. A ya gbogbo abẹ́rẹ́ náà sọ́tọ̀, nínú òtútù náà ṣá o, a kọ “ẹ má lò ó” sí wọn, a sì gbé àkọsílẹ̀ òru fún apòògùn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù nílé iṣẹ́ tó tà á ní ká yéé ṣí i ní gbogbo ìgbà. Lóru, ta ló ṣí i? Ó tún ní ká ki ike yìnyín sí i láti firísà. Kí insulin lè dì! Insulin tó bá ti dì, dànù ni, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ gaara. Ike yìnyín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ làágùn, kí omi máa mì nínú rẹ̀, kó tó sún mọ́ oògùn.

Obìnrin kejì ní: “Ẹ jọ̀wọ́, nídìí fíríjì ni kí ẹ ti wọn fólítì, nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, bá ń ṣiṣẹ́.” Bátìrì ní 12.4, fíríjì ń rí 11.6. Wáyà tín-ín-rín àti sókẹ́ẹ̀tì ìtanná sìgá inú ọkọ̀ tó ń gbóná ló jẹ ìyókù. Ààbò bátìrì, èyí tó ń pa fíríjì kó má baà fa bátìrì tán, tí wọ́n ti yí sókè pátápátá kó tó dé ọwọ́ wa, rò pé bátìrì ti fẹ́ tán, ló bá pa fíríjì. Ó ní ká fa wáyà tó nípọn tààrà láti ara bátìrì kejì, ká fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì, ká sì dá ààbò náà sí àárín. Àtìgbà náà, kò kọjá 6 mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Irú fíríjì ọkọ̀ tí kò ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: nǹkan bíi dígírì 20 péré ló ń bù kúrò nínú ooru ọkọ̀, 38 á di 18.

Síbẹ̀, ara ògiri inú fíríjì wa yìí ni wọ́n lẹ tẹmómítà tirẹ̀ mọ́. Ìgò tó fara kan ògiri náà ti wọ òdo rí. Inú apẹ̀rẹ̀ kékeré la ń tò wọ́n sí báyìí, kí àyè ìka kan wà láàárín. Ẹ má sì kó adrenaline síbẹ̀, kò níṣẹ́ nínú òtútù.

Bí fíríjì yìí bá tún kú lóru, ojú rẹ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìràwọ̀ 2 nínú 5. A ò ní dá a padà o.