Calmodulin Ènìyàn Nínú Ìgò Kékeré: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Abẹ́òkúta

Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti ń lo calmodulin ènìyàn, purotéènì kan tí wọ́n fi bakitéríà E. coli pèsè, nínú yàrá ìwádìí kékeré tí mo ń bójú tó ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń bi mí bóyá kí àwọn náà rà á ti pọ̀ díẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n rà á, pàápàá bí fírísà wọn kò bá ṣe é fọkàn tán, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ omi tí wọ́n ń lò wò dáadáa kí wọ́n tó dá ọjà náà lẹ́bi.

Calmodulin ni purotéènì tí ń gba iṣẹ́ tí kálísíọ̀mù bá rán nínú sẹ́ẹ̀lì, tí í sì í jẹ́ ẹ fún àwọn ẹ́ńsáìmù (àwọn purotéènì tí ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì yá). Ọdún 1970 ni Wai Yiu Cheung jábọ̀ pé ohun kan wà nínú ọpọlọ màlúù tó máa ń ta ẹ́ńsáìmù phosphodiesterase jí. Calmodulin ni ohun náà. Kò tóbi rárá: ásíìdì àmínò 148 (àwọn ègé kéékèèké tí a fi ń kọ́ purotéènì) ló so kọ́ra, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì pé kìlódáltọ̀n 17 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí purotéènì ṣe wúwo tó). Ibi mẹ́rin ni kálísíọ̀mù ti lè jókòó lára rẹ̀, bó bá sì ti jókòó tán, ara purotéènì náà á ṣí, á wá lè di ẹ́ńsáìmù mìíràn mú. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewé kan lè dí i lọ́wọ́ bí oògùn trifluoperazine ti máa ń ṣe, òun ló jẹ́ kí a rà á.

Mílígíráàmù kan la rà, ní gbígbẹ. Aṣojú tó bá wa gbà á l'Ékòó fi í sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, láìsí fíríìjì, kó tó rántí pé a wà láyé. Nígbà tí awakọ̀ gbé páálí náà lé mi lọ́wọ́ ní gáréèjì Kútọ̀, báàgì yìnyín inú rẹ̀ ti di omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ purotéènì mìíràn ni, ààtàn ni ǹ bá dà á sí. Ṣùgbọ́n calmodulin kì í bẹ̀rù ooru: àwọn kan tí ń yọ ọ́ lára bakitéríà máa ń gbé omi rẹ̀ kaná tó nǹkan bí ìwọ̀n ooru 90, kí purotéènì yòókù lè dì bí ẹyin sísè, kí calmodulin sì ṣẹ́ kù nínú omi tó mọ́ gaara. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò.

Bí ẹ bá gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rò pé òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ohun tó wà níbẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò àti ọmọrí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń kọ lẹ́tà ìbínú sí àwọn tó tà á fún wa kí n tó ní kó fi ìgò náà sínú sẹ̀ntirifúùjì, ẹ̀rọ tí ń yí ìgò kíákíá kí ohun inú rẹ̀ lè bọ́ sí ìsàlẹ̀, kó tó ṣí i. Ìwé kékeré tó bá ọjà náà wá sọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, níbi tí kò sẹ́ni tí í wò ó.

Ohun tí ìwé náà kò tilẹ̀ mẹ́nu bà ni ọ̀rọ̀ wíwọ̀n. Ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ nánómítà 280 wọn purotéènì gbójú lé ásíìdì àmínò kan tó ń jẹ́ tryptophan jù lọ, calmodulin ènìyàn kò sì ní ẹyọ kan; tyrosine, òmíràn tí ẹ̀rọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, méjì péré ló ní. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ọ̀nà BCA, tó ń fi àwọ̀ tó yí padà wọn purotéènì, la padà lò, iye tí wọ́n kọ sára ìgò náà la sì bá, bí kò tilẹ̀ ṣe géérégé.

Ibi tí wàhálà wa pọ̀ sí ni jẹ́ẹ̀lì, ohun rírọ̀ tí a ń fi iná mànàmáná ti purotéènì gba inú rẹ̀ kọjá kí wọ́n lè ya ara wọn. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá calmodulin ṣì ń di kálísíọ̀mù mú ni kí a sáré rẹ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì ní ojú ọ̀nà méjì: ká fi kálísíọ̀mù sí ọ̀kan, ká fi EGTA tó ń fa kálísíọ̀mù kúrò sí èkejì. Èyí tó ní kálísíọ̀mù máa ń yára sọ̀kalẹ̀, èkejì á sì dúró lókè rẹ̀ díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, àwọ̀ aró Coomassie yọ dáadáa (orúkọ ìlú Kumasi ní Gánà ni wọ́n fi sọ àwọ̀ yẹn, mo sì máa ń rántí àwọn aládìrẹ Ìtòkú bí mo bá ń fọ jẹ́ẹ̀lì), ṣùgbọ́n ìlà méjèèjì wà ní ọgbọọgba. Gbogbo wa fẹnu kò pé ooru Èkó ti pa á. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó ronú kan omi wa. Ẹ̀rọ tí ń se omi wa ti ń darúgbó, kànga ẹ̀rọ la sì fi ń fọ àwọn ìgò gíláàsì; kálísíọ̀mù tó ti ibẹ̀ wọlé ti borí EGTA táṣẹ́rẹ́ tí a fi sí i. A ra omi mímọ́ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ láàbù, a kó ohun gbogbo sínú ike, a sì fi kún EGTA náà. Lọ́jọ́ náà ni ìlà EGTA gòkè, ó fi ẹnu ìka kan ju ti kálísíọ̀mù lọ.

Ọ̀rọ̀ “ènìyàn” tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ìgò kò sì yẹ kó mú ẹnikẹ́ni san owó lé e. Jíìnì mẹ́ta ni ènìyàn ní fún calmodulin, purotéènì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń ṣe, tí ti màlúù kò sì yàtọ̀ sí i ní ásíìdì àmínò kankan; èyí tó wà nínú ọpọlọ màlúù tí wọ́n ń pa ní Láfẹ́nwá kò yàtọ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé bakitéríà kì í fi ẹ̀ka kẹ́míkà kékeré mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní mẹ́táílì (methyl) sí lysine, ásíìdì àmínò 115 rẹ̀, bí ara ẹranko ti ń ṣe, kì í sì í fi ẹ̀ka mìíràn, ásẹ́tílì (acetyl), dé e lórí. Fún iṣẹ́ tiwa, kò ṣe nǹkan. Ẹni tó bá ń wádìí ohun wọ̀nyẹn gan-an ni kó yẹra fún un. Mo tún fẹ́ràn pé eléyìí kò ní ìrù histidine, èyí tí àwọn kan máa ń so mọ́ purotéènì kó lè rọrùn láti yọ, torí ìrù tó ń lẹ̀ mọ́ irin kò bójú mu nínú ìdánwò tó dá lórí kálísíọ̀mù.

Tíúbù kéékèèké la pín ìyókù sí, kí a má bàa máa yọ́ ọ kí a tún máa mú un dì. Iná lọ fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti dáhùn. Ní ọjọ́ Ajé a tún sáré jẹ́ẹ̀lì. Ìlà EGTA ṣì wà níbi tó yẹ kó wà.